Ibi tí wọn yóò sùn la kọ́kọ́ wò: àkọsílẹ̀ ètò ìrìnàjò kan sí Spiti

Tọkọtaya kan tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní kí n bá àwọn ṣètò ìrìnàjò lọ sí òkè Himalaya. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ìyàwó jẹ́ olùkọ́ nílé-ìwé girama. Wọ́n ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ara wọn le, ọkọ tiẹ̀ máa ń sáré láràárọ̀ Sátidé. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò pọ̀: ibi tó ga, tó dákẹ́, tí èrò kò ti ní fún wọn mọ́gi. Wọ́n ti gbọ́ nípa Leh ní Ladakh, àmọ́ wọ́n ní gbogbo ayé ló ti ń wọkọ̀ òfuurufú lọ síbẹ̀ báyìí. Spiti ni wọ́n mú.

Àfonífojì Spiti wà ní ìpínlẹ̀ Himachal Pradesh, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá Íńdíà, ó sì fẹ̀gbẹ́ kan ààlà Tibet. Àwọn òkè tó wà ní gúúsù rẹ̀ ti dá ìkúukùu òjò dúró kó tó débẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ táútáú. Yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n gbin ọkà báálì sí lẹ́bàá omi, àwọ̀ erùpẹ̀ àti eérú ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń gbé àfonífojì náà látòkè délẹ̀ kò ju nǹkan bíi 12,000 lọ. Kaza ni ìlú tó tóbi jù níbẹ̀, ó sì fi nǹkan bíi mítà 3,650 ga ju òkun lọ. Mo sọ fún wọn pé òkè Ìdànrè tí à ń fi yangàn kò ju nǹkan bíi mítà 1,000 lọ. Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. “Àǹtí, ọmọ Èkìtì ni mí o. Òkè kì í bà mí lẹ́rù.” Mo ní òkè kọ́ ló ń ṣèèyàn, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ni.

Ètò tí wọ́n gbé wá

Inú fídíò kan ni wọ́n ti rí i. Oṣù kẹjọ ni wọ́n fẹ́ lọ, torí ìgbà yẹn ni ìsinmi ilé-ìwé gùn jù. Wọn yóò balẹ̀ sí Delhi, wọn yóò wọ bọ́ọ̀sì alẹ́ lọ sí Manali. Bílẹ̀ bá ti mọ́, mọ́tò yóò gbé wọn gba inú Atal Tunnel, ihò abẹ́ òkè tó gùn tó kìlómítà mẹ́sàn-án tí wọ́n ṣí ní 2020, wọn yóò sì sùn nínú àgọ́ lẹ́bàá adágún Chandratal. Lọ́jọ́ kejì wọn yóò gba Kunzum, ọ̀nà tó gba orí òkè, kọjá sí Kaza, wọn yóò lọ sùn ní Komic, abúlé tí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó rẹ̀ pé òun ló ga jù lọ lágbàáyé nínú àwọn abúlé tí mọ́tò ń dé. Lẹ́yìn náà, wọn yóò gba agbègbè Kinnaur àti ìlú Shimla padà sí Delhi.

Téèyàn bá wò ó lórí àwòrán ilẹ̀, ètò náà wuni. Ó yí po, kò síbi tí wọn yóò gbà lẹ́ẹ̀mejì. Ńṣe ni mo kàn kọ gíga ibi tí wọn yóò máa sùn lálaalẹ́ sílẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí wọn láì fọ̀rọ̀ kún un. Manali, mítà 2,050. Chandratal, nǹkan bíi 4,250. Komic, ó lé ní 4,500.

Ìlànà tí àwọn dókítà tó mọ̀ nípa òkè ń tẹ̀ lé ni pé, téèyàn bá ti kọjá mítà 3,000, kí ibi tó máa sùn má fi ju 500 lọ ga ju ibi tó sùn lánàá, kó sì sinmi lójú kan ní alẹ́ kẹta tàbí ìkẹrin. Ibi tó sùn ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ibi tó dé lọ́sàn-án. Ètò inú fídíò fẹ́ fi alẹ́ kan ṣoṣo gun mítà 2,200. Ní Chandratal, èémí kan téèyàn bá fà kò ní ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ọ́síjìn tó wà nínú èémí etíkun lọ. Kò sí ilé ìwòsàn nítòsí, kò sí nẹ́tíwọ̀kì, èèyàn á sì tún gun òkè mìíràn kó tó lè jáde síhà Kaza.

“Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú fídíò ṣe é, Àǹtí.” Ọkọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n ṣe é. Fídíò kì í sì í fi ẹni tó ń bì lóru hàn.

Ọ̀rọ̀ oṣù kẹjọ náà tún wà nílẹ̀. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní Spiti lóòótọ́, àmọ́ ojú ọ̀nà méjèèjì tó wọ ibẹ̀ ni òjò ti ń ya òkè lulẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2021, òkè ya bo bọ́ọ̀sì kan mọ́lẹ̀ ní Nigulsari lójú ọ̀nà Kinnaur, ó sì lé lógún èèyàn tó kú. Ní oṣù keje 2023, omíyalé ba ọ̀nà Manali jẹ́, yìnyín sì há nǹkan bí 300 èèyàn mọ́ Chandratal gan-an kí wọ́n tó lọ gbé wọn kúrò. Mo fi méjèèjì hàn wọ́n. Kì í ṣe láti dẹ́rù bà wọ́n o. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọ̀nà àbájáde wà lára ohun tí à ń yàn bí a bá ń yan oṣù.

Ìyàwó ló já okùn náà. Ilé-ìwé tirẹ̀ máa ń gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ní oṣù kẹwàá. Nígbà yẹn òjò ti lọ, ojú ọ̀run máa ń mọ́ rekete, wọ́n ti ń kó èso ápù Kinnaur tán, àwọn arìnrìn-àjò ti pa dà sílé. Ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n ń wá kò sí nínú oṣù kẹjọ tẹ́lẹ̀ náà. Ohun tí oṣù kẹwàá ń gbà ni òtútù: lóru ní Kaza, omi ń dì. Wọ́n ní àwọn gbà.

Bí a ṣe mú oṣù kẹwàá báyìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà parí fúnra rẹ̀. Kunzum ga ju mítà 4,500 lọ, bí oṣù kẹwàá bá ti ń lọ sópin, ọjọ́kọ́jọ́ ni yìnyín lè tì í, àwọn alágọ̀ọ́ Chandratal á sì ti kó ẹrù wọn. Ọ̀nà Shimla àti Kinnaur ló kù, ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé, ibẹ̀ náà ni yóò gbà jáde. Ọkọ kọ́kọ́ fajú ro, ó ní àwọn á wá rí nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ọ̀nà yẹn ń gùn díẹ̀díẹ̀ ni, ó ń tọ ipa odò Sutlej lọ sókè. Bí wàhálà bá sì dé, yíyí mọ́tò padà ti tó, wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó wà ní Kaza tó fẹ́ gba Manali sá jáde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè ní nǹkan bíi mítà 900 sí i. Èyí ni mo fi yí i lọ́kàn padà.

AS

Fọ́ọ̀mù tí mo máa ń fún àwọn oníbàárà ń bèèrè àìsàn àti oògùn. Àwọn méjèèjì kọ “kò sí”. Nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa ìwé adójútòfò, mo bi wọ́n ní jẹ́nótáìpù wọn. Ìdákẹ́ díẹ̀. Ọkọ ní, “AA ni ìyàwó mi. AS ni mí. Kí ló kan òkè níbẹ̀?”

Ìbéèrè gidi ni. Láàárín àwa Yorùbá, ọjọ́ tí a fẹ́ ṣègbéyàwó la máa ń wá ìwé jẹ́nótáìpù jáde, nítorí àwọn ọmọ. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti gbà á wọlé tí ó sì jẹ́ AS àti AA, a gbé ọ̀rọ̀ náà tì. Ó sì tọ́, AS kì í ṣe fòníkú-fọ̀ladìde. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní AS ń lọ sórí òkè, wọ́n sì ń bọ̀ láì sí ohun tó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọ́síjìn bá ti dín kù gan-an nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹ̀jẹ̀ kan lára ẹni tó ní AS náà lè tẹ̀ kọrọdọ, wọ́n sì lè dí ojú ẹ̀jẹ̀ nínú spleen, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà lápá òsì. Àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí rẹ̀ láti nǹkan bíi 1950 lára àwọn tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ayé ìgbà yẹn tí a kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú, wọ́n sì tún rí i lára àwọn tó gun òkè. Kì í wọ́pọ̀. Tó bá dé, ìrora líle ni lápá òsì lókè ikùn, ó lè gun èjìká, èèyàn sì lè máa bì. Àìmumi tó àti àṣejù iṣẹ́ agbára ń tì í lẹ́yìn.

Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì ṣe bíi dókítà. Mo ní kó lọ rí èyí tó mọ̀ nípa ìrìnàjò, kó sì mú ìwé gíga ibùsùn lọ́wọ́. Ìwé yẹn gan-an ni dókítà lò. Ó ní òun kò ní gbà fún ètò àkọ́kọ́, àmọ́ òun gbà fún ti ọ̀nà Kinnaur bí wọn kò bá ní sá eré lórí rẹ̀: omi lásìkò, kò sí sísáré láàárọ̀, kò sí gígun òkè pẹ̀lú ẹrù ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ní Kaza, tí ìhà òsì bá sì ro ó, kí wọ́n má dúró wò ó. Ó kọ acetazolamide, oògùn tó ń ran ara lọ́wọ́ láti mọ́ òkè, fún wọn, ó ní kí wọ́n gbé e dání ni, pé bí gígun bá lọ díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò pọn dandan kí wọ́n máa gbé e mì ṣáájú.

Ìwé adójútòfò náà kò gbẹ́yìn. Èyí tí wọ́n ti rà kò sanwó fún ẹni tó bá kọjá mítà 3,000. Inú ìwé náà lójú ewé tí ẹnikẹ́ni kì í kà ló wà. A pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ AS náà fún ilé-iṣẹ́ kejì lójúkojú.

Ètò tí a wá ṣe

Delhi, wọn ò dúró pẹ́ níbẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ìlú náà kì í dára nígbà yẹn. Ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kalka, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré lọ sí Shimla: kìlómítà 96, ihò abẹ́ òkè tó lé ní ọgọ́rùn-ún, láti 1903 ló ti ń ná ọ̀nà náà. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wá, torí àjọ̀dún Diwali lè bọ́ sí àsìkò yẹn, tó bá sì bọ́ sí i, ẹ ò ní rí àyè jókòó. Alẹ́ méjì ní Shimla, mítà 2,200. Alẹ́ kan ní Sarahan tí kò ga jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Méjì ní Sangla, nǹkan bíi 2,700. Méjì ní Kalpa, 2,960.

Láti Kalpa ni ìpinnu tó ṣe pàtàkì ti wọlé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba ọ̀nà yìí ni wọ́n máa ń sùn ní Nako lọ́jọ́ kejì, torí adágún tó wà níbẹ̀ lẹ́wà. Nako ga tó 3,660. Ẹni tó sùn ní Kalpa lánàá ti fi 700 gòkè nìyẹn. Tabo wà níwájú sí i lójú ọ̀nà, àmọ́ ìsàlẹ̀ ló wà, 3,280. Nítorí náà mo ní kí wọ́n jẹun ọ̀sán ní Nako, kí wọ́n rìn yí adágún po, kí wọ́n lọ sùn ní Tabo. Ara ti tọ́ òkè wò, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá sinmi. Lẹ́yìn ìyẹn ni Kaza, alẹ́ mẹ́ta. Àwọn abúlé Komic, Langza àti Hikkim, àti ilé àwọn mọ́ǹkì ní Key, ọ̀sán nìkan ni wọn yóò lọ síbẹ̀.

Ìwé àṣẹ: àjèjì tó bá fẹ́ gba òkè Kinnaur wọ Spiti gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ nítorí ìtòsí ààlà. Reckong Peo, ìlú tó wà nísàlẹ̀ Kalpa, la yàn láti gbà á. Àjèjì náà fúnra rẹ̀ ló máa yọjú sí ọ́fíìsì kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, aṣojú arìnrìn-àjò kan ládùúgbò á sì bá a ṣe ìyókù. Ọ́fíìsì ìjọba kì í ṣí ní Sunday. Mo ṣètò kí wọ́n dé Kalpa ní ọ̀sán Friday.

Owó ńkọ́? ATM wà ní Kaza, mo sì ní kí wọ́n ṣe bí ẹni pé kò sí. Rúpíì tí yóò tó wọn lọ tó wọn bọ̀, kí wọ́n ti gbà á ní Shimla.

Awakọ̀ ni mo fi àkókò tó pọ̀ jù wá. Mo fẹ́ ọmọ Kinnaur, kì í ṣe ẹni tó ti Delhi wá. Nígbà tí mo rí i, mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: bí àlejò rẹ bá ní ara òun kò yá tí ọkọ rẹ̀ sì ní kí ẹ máa lọ, kí lo máa ṣe? Ó ní òun á yí mọ́tò padà, wọn á máa jà lẹ́yìn mọ́tò. Mo sanwó àsansílẹ̀.

Àdéhùn mẹ́ta ni èmi àti àwọn oníbàárà jọ ṣe. Lálaalẹ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá wà, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nípa orí, oúnjẹ àti oorun, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀fọ́rí kò ní àṣẹ láti sọ pé kò tó nǹkan. Bí a bá máa sọ̀ kalẹ̀, Tabo la máa lọ, a ò ní jókòó ṣèpàdé.

Lójú ọ̀nà

Shimla lọ dáadáa. Láàárọ̀ tí wọ́n kúrò ní Sarahan, òkúta ya sọ́nà lápá Nigulsari kan náà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ẹ̀rọ katakata ń ko òkúta, òkúta mìíràn ń já bọ́, awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó di nǹkan bí agogo mẹ́ta ó ní kí wọ́n padà sí Sarahan kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nà ṣí lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ kan ti lọ, ó sì di dandan kí a yọ nǹkan kan. Ìyàwó fẹ́ lo alẹ́ méjèèjì ní Sangla, torí ó fẹ́ dé Chitkul, abúlé tó gbẹ̀yìn ní àfonífojì yẹn. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, Sátidé ni wọ́n máa dé Kalpa, Sunday á sì wà níwájú wọn, ọ́fíìsì á tì. Mo ní kí wọ́n mú alẹ́ kan kúrò ní Sangla, kí wọ́n gbàgbé Chitkul. Inú bí i. Mo mọ̀ pé inú bí i torí “Ó dáa, Àǹtí” tó kọ kò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn. Friday ni wọ́n gba ìwé àṣẹ. Kò sí ìgbà kan tí mo ronú láti mú alẹ́ kan kúrò ní Kalpa, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù láti mú: kò sí nǹkan púpọ̀ láti ṣe níbẹ̀ ju pé kéèyàn jókòó máa wo òkè Kinnaur Kailash lọ. Ìjókòó yẹn gan-an ni mo ń rà.

Nako, lẹ́yìn náà Tabo. Alẹ́ Monday, wọ́n dé Kaza, ọ̀rọ̀ sì wọlé látọ̀dọ̀ ọkọ: “Ara mi le. Mo jẹun tán. Ìhà òsì kò ṣe nǹkan kan. Òtútù pọ̀ o!” Mo kà á tán, mo tún un kà. Ti ìyàwó kò sí níbẹ̀.

Láti Shimla ni gbogbo wa ti ń wo ọkọ. Ìyàwó ń bu omi fún un, ó ń bi í láàárọ̀ lálẹ́ nípa ìhà òsì rẹ̀, ó ń gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Òun tó jẹ́ AA, ta ló ń wò ó? Ilẹ̀ mọ́, mo pe awakọ̀. Ó ní màdámú kò mu tíì rẹ̀ tán, pé ó fi jaketí bojú nínú mọ́tò, ó ní oorun ló ń kun òun. Wọ́n ti ń lọ sí Key nígbà náà, mítà 4,166. Mo ní kó bi í, níwájú ọkọ rẹ̀, bóyá orí ń fọ́ ọ.

Orí ti ń fọ́ ọ láti Nako. Kò sùn ní Tabo. Ní Kaza kò lè jẹ thukpa, ọbẹ̀ onínúdùlù, tí obìnrin onílé sè, ó fi ṣíbí dà á láàmú títí tó fi tutù. Kò sì mu omi láti àárọ̀ Sunday. Ó mọ̀ pé ó yẹ kóun mu ún; ohun tó dá a dúró ni pé kò rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan tó ṣeé wọ̀ láàárín Kalpa àti Tabo, kò sì fẹ́ jókòó sẹ́yìn òkúta tí ọkọ̀ ológun ń kọjá. Kò sọ nǹkan kan nítorí Chitkul ti lọ, kò fẹ́ kí Kaza náà lọ.

Wọn ò gun àtẹ̀gùn Key. Ó bì lẹ́bàá mọ́tò. Awakọ̀ yí padà sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Kaza, dókítà fi ẹ̀rọ kékeré há ìka rẹ̀, ó ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún, ó fún un ní ọ́síjìn àti omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ó ní ẹ̀fọ́rí àìmumi àti ẹ̀fọ́rí òkè jọra, òun kò lè sọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì, àmọ́ èèbì àti àìlèjẹun ti tó, kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dàrú, kò sí ikọ́ onífòófò. Ká ní ọ̀kan nínú wọn wà níbẹ̀, Tabo kò ní tó, wọn kì bá tí dúró síbi tó ga bẹ́ẹ̀ rárá.

Ibẹ̀ ni ọkọ ti ṣe ohun tó yà mí lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó sun Kaza mọ́jú, bóyá ọ́síjìn ti tó, pé yàrá ti wà nílẹ̀, wọ́n ti sanwó rẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Ẹni tó ti rin ìrìnàjò tó bẹ́ẹ̀ yẹn, ọkàn rẹ̀ á máa bá a sọ irú rẹ̀. Awakọ̀ kò bá a jiyàn. Ó gbé báàgì wọn sínú mọ́tò, ó tan hítà, ó dúró. Kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti wà ní Tabo.

Mítà 370 péré ni wọ́n fi sọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó jẹ búrẹ́dì méjì àti ẹyin, ó sì ní kí wọ́n bu sí i. Wọn ò padà sókè mọ́. Inú ilé àwọn mọ́ǹkì Tabo ni wọ́n ti lo ọjọ́ tó kù. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́, 996 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwòrán wà lára ògiri rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, ó ṣókùnkùn débi pé tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń wò ó, wọn ò sì gba ẹnikẹ́ni láyè kó ya fọ́tò. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán. Ìyàwó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tí àwọn wá lọ nìyẹn, pé Komic kò dun òun mọ́. Ó ṣì ń dun ọkọ. Yìnyín bọ́ sí Kunzum ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Wọ́n gba Kinnaur jáde láì gbọ́ nípa rẹ̀ títí wọ́n fi dé Shimla.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ fún àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí

Mo rò pé gíga ibùsùn ló yẹ kí a fi máa bẹ̀rẹ̀ ètò òkè èyíkéyìí, ká tó dárúkọ adágún kankan. Ìlà kan fún alẹ́ kan. Oníbàárà fúnra rẹ̀ á rí ibi tó ti fò sókè, ẹ ò ní bá a jiyàn púpọ̀, dókítà náà á sì rí nǹkan dì mú.

Ọjọ́ àfikún, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi sí, kí ọ̀nà tó dí má bàa jẹ ọjọ́ tí ara nílò láti mọ́ òkè. Bí ẹ bá sì máa yọ nǹkan, ẹ yọ ibi ìran, ẹ má yọ alẹ́ tó wà láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè. Àwọn tó ń polówó Spiti ní ọjọ́ márùn-ún, alẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń tà dànù.

Nípa ìròyìn alẹ́: ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan bá kọ fún ẹni méjì, ti ẹnì kan ni. Mo ti wá sọ ọ́ di òfin pé oníkálukú ló máa fi fóònù tirẹ̀ kọ tirẹ̀. Bí àìlera kan bá wà tí gbogbo ilé mọ̀, ẹ ṣọ́ ẹnì kejì tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó tó di pé wọ́n wọ mọ́tò. Ìwé tí mo fún awakọ̀ báyìí ní ibi mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ ti dúró láàárín Kalpa àti Tabo: ilé oúnjẹ tó ní kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀, òun ló sì máa gba kọ́kọ́rọ́ náà wá fún wọn. Ó jọ nǹkan kékeré. Màdámú yẹn kì bá ti fi òùngbẹ gun òkè.

Jẹ́nótáìpù ti wà lórí fọ́ọ̀mù mi, lọ́tọ̀ sí àìsàn, torí ẹni tó ní AS kò ní kọ ọ́ sábẹ́ àìsàn láéláé, kò sì yẹ kó kọ ọ́ síbẹ̀. Bí mo bá rí AS, ìwé gíga ibùsùn ń lọ sọ́dọ̀ dókítà kí n tó gba kọ́bọ̀. Bí mo bá rí SS, mi ò ní ta Spiti, iye yòówù kí wọ́n fẹ́ san. Mo máa ń dárúkọ àfonífojì Tirthan ní ìpínlẹ̀ kan náà, níbi tí èèyàn ti lè sùn sí nǹkan bíi mítà 1,500 lẹ́bàá odò, nítòsí ọgbà Great Himalayan National Park tí UNESCO fi sórí ìwé rẹ̀ ní 2014. Èrò kì í pọ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn òjò. Tirthan náà, dókítà rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ pé ó dáa.